Gígé fẹ́ńdà jíìpù fún táyà ńlá

Gígé fẹ́ńdà jíìpù fún táyà ńlá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà, àwọn ajórinmọ́rin àti àwọn mẹkáníìkì máa ń ṣe láti fẹ ààyè tí táyà ti ń yí lára ọkọ̀, kí táyà tó tóbi ju èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i lè wọ ibẹ̀ láìha irin. Fẹ́ńdà ni páànù tó bo táyà lókè, tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́gáàdì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ẹrẹ̀, omi àti òkúta tí táyà bá ń fọ́n. Ní Nàìjíríà, jíìpù ni orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe gbogbo ọkọ̀ gíga tó lè rin ojú ọ̀nà tí kò dára, ìbáà ṣe Jeep gan-an, Land Rover, Toyota Prado tàbí Hilux.

Gígé irin ni ojú ń rí nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó kéré jù nínú rẹ̀. Bí ìwọ̀n táyà bá yí padà, gíga ọkọ̀, agbára bíréèkì, eré tí aago ọkọ̀ ń kà àti ẹrù tó wà lórí áàsù yóò yí padà pẹ̀lú. Nítorí náà, wíwọ̀n ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, gígé ni ó sì yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é

Ìrísí ilẹ̀ ló sábà máa ń fa iṣẹ́ yìí. A lè fi agbègbè Ìfọ́n àti Ìlobùú ṣe àpẹẹrẹ. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orolú, Ìlobùú sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún. Ìlú méjèèjì wà nítòsí ara wọn, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Òṣogbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà ọ̀dà ló so wọ́n mọ́ Òṣogbo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko tó yà kúrò lára rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò máa ń rọ̀, àgbàrá a máa gbá ilẹ̀ yìí lọ, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gbágùúdá àti iṣu a sì máa tẹ ipa táyà jìn sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ, ilẹ̀ tó wà láàárín ipa méjèèjì á ga bí ebè. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò ga yóò gbé ikùn lé ebè náà, táyà rẹ̀ yóò sì máa yí lásán.

Ọ̀nà méjì ni táyà ńlá ń gbà ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Èkíní, ó ń gbé áàsù kúrò nílẹ̀. Sípíríǹgì gíga lè gbé ara ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n bí áàsù ọkọ̀ bá jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, bí ó ti rí lẹ́yìn Hilux, táyà nìkan ló lè gbé òun fúnra rẹ̀ sókè. Èkejì, táyà tó ga ń gun orí òkúta àti etí kòtò pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju táyà kékeré lọ, nítorí pé ipò tó ti ń fara kan ohun ìdínà náà kò dúró ṣánṣán tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò ìwọ̀n táyà

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Hilux àti Prado ló ń lo táyà 265/65R17. 265 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 fi hàn pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú yẹn. R ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà, 17 sì ni ìwọ̀n rímù ní ínṣì. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà rímù yìí jẹ́ mìlímítà 431.8. Ẹ̀gbẹ́ táyà kan jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 172. Bí a bá fi ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kún rímù, gíga táyà náà yóò jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 776.

Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí 265/70R17, gíga táyà yóò di nǹkan bí mìlímítà 803. Bí ó bá mú 285/70R17, yóò di nǹkan bí 831. Ìyàtọ̀ láàárín 776 àti 831 jẹ́ 55, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ọkọ̀ yóò fi ga sí i, nítorí pé àárín táyà ni áàsù wà. Èrè gíga náà kò ju mìlímítà 27 lọ, ìyẹn ju ínṣì kan lọ díẹ̀. Ti 265/70R17 kò ju mìlímítà 13 lọ. Bí ebè ojú ọ̀nà bá fi ìbú ọwọ́ kan ga ju ìdí ọkọ̀ lọ, kò sí èyí tó lè yanjú rẹ̀ nínú méjèèjì. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú owó àti ẹ̀rọ ìgérin.

Ìbú táyà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti 265 dé 285, táyà fi mìlímítà 20 fẹ̀ sí i. Bí rímù kò bá yí padà, 10 yóò lọ síta sí ọ̀nà fẹ́ńdà, 10 yóò sì lọ sínú sí ọ̀nà rọ́bà bíréèkì àti apá irin tó di táyà mú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rímù sí èyí tó ti táyà síta, ààyè inú yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n táyà yóò máa gba ibi tó fẹ̀ jù nígbà tí awakọ̀ bá yí sítíárìn, ìhà fẹ́ńdà tí yóò sì máa ha yóò pọ̀ sí i.

Ìtàn

Títún ara ọkọ̀ kọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Káfíńtà ìbílẹ̀ ló ń fi pákó kan ara bọ̀lẹ̀kájà lé orí ṣáàsì, ìyẹn egungun irin tó ru ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti òkè òkun dé láìní ara. Ní Èkó, àwọn ajórinmọ́rin ló kan páànù mólúé lé orí ṣáàsì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911. Ìmọ̀ bí a ṣe ń gé páànù, bí a ṣe ń fi òòlù tẹ̀ ẹ́ àti bí a ṣe ń jó o mọ́ra ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kí jíìpù tó gbòde kan.

Land Rover, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Amsterdam ní 1948, wà lára àwọn jíìpù tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lò káàkiri Nàìjíríà. Irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí náà àdàlù alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe páànù rẹ̀. Nọ́ọ̀tù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà iwájú rẹ̀, ó sì rọrùn láti tú u, láti nà án tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Leyland Nigeria ní Ìbàdàn to Land Rover pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Lónìí, Toyota ló gba ipò náà. Hilux ni ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020.

Ní Amẹ́ríkà, Ford Bronco tó jáde láàárín 1966 àti 1977 ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù nípa gígé fẹ́ńdà. Ojú fẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gé e kí táyà ńlá lè wọlé. Bill Stroppe, tó ń tún Bronco ṣe fún eré ìje aṣálẹ̀, kọ́ oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Baja Bronco, tó ní fẹ́ńdà gígé tí wọ́n fi etí gbòòrò bò. Àbájáde rẹ̀ fún àwọn tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ yani lẹ́nu: nítorí pé Bronco tí wọ́n gé pọ̀ lọ súà, èyí tí wọn kò gé ni ọ̀pọ̀ olùrà ń wá lónìí. Irin tí a bá ti gé kò ṣe é dá padà bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìrìn-àjò kan láti 1971 sí 1972 fi ewu táyà ńlá hàn kedere. Ikọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí John Blashford-Snell darí, wa Range Rover méjì láti Alaska títí dé ìparí Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì la igbó àti irà Darién kọjá láàárín Panama àti Colombia. Wọ́n fi táyà ẹrẹ̀ ńlá sára ọkọ̀ náà. Táyà wọ̀nyí fi ẹrù tó pọ̀ jù sórí eyín gíà inú áàsù, eyín gíà náà sì fọ́ nínú igbó. Ààyè wà fún táyà lábẹ́ fẹ́ńdà, ṣùgbọ́n agbára áàsù kò tó táyà.

Iceland ni wọ́n ti sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó péye. Láti lè rìn lórí yìnyín jíjìn, àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń gé fẹ́ńdà, wọ́n ń fi etí gbòòrò sí i, wọ́n sì ń pààrọ̀ eyín gíà áàsù kó lè bá ìwọ̀n táyà mu. Ilé-iṣẹ́ Arctic Trucks ló tún Hilux tó ní táyà ínṣì 38 ṣe, èyí tí ètò tẹlifíṣọ̀n Top Gear wà lọ sí ìhà Òpó Àríwá ní 2007.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Táyà tí kò ha fẹ́ńdà nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè ha á nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Nítorí náà, wọn kì í wọn ààyè lórí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan. Wọ́n máa ń gbé táyà iwájú kan gun orí pákó tàbí òkìtì tó lágbára, kí sípíríǹgì rẹ̀ lè wọlé tán pátápátá, wọn a sì gbé táyà ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì gun òkè bákan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọn a sì fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí táyà bá kàn tàbí tó bá sún mọ́ jù.

Àwọn ibi tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò ni ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú, ike abẹ́ fẹ́ńdà, ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà níbi tó ti sún mọ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ara ọkọ̀ ti dè mọ́ ṣáàsì, apá irin tó di táyà mú, àti rọ́bà bíréèkì. Rọ́bà bíréèkì ló ṣe pàtàkì jù. Bí táyà bá ń ha fẹ́ńdà, awakọ̀ yóò gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí ó bá ń ha rọ́bà bíréèkì, ó lè má gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ tí rọ́bà náà yóò bẹ́, tí epo bíréèkì yóò sì dà nù. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Lẹ́yìn wíwọ̀n, ó lè hàn pé kò sí ìdí láti gé irin. Ó ṣeé ṣe kí gígé ike abẹ́ fẹ́ńdà, sísún bọ́ńpà síwájú díẹ̀ tàbí fífi sípíríǹgì tó ga díẹ̀ sí i tó. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì gíga ní ààlà tirẹ̀: ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ sókè, ọkọ̀ náà sì lè tètè dojú dé ní kọ́nà. Ó tún ń tẹ oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ kan fi yàn láti gé fẹ́ńdà dípò kí wọ́n gbé ọkọ̀ ga jù.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Fẹ́ńdà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò rí bákan náà. Nọ́ọ̀tù ni wọ́n sábà máa ń fi de fẹ́ńdà iwájú, páànù ẹyọ kan sì ni. Ní ti fẹ́ńdà ẹ̀yìn ọkọ̀ bíi Prado, ó jẹ́ páànù méjì, ti inú àti ti ìta, tí wọ́n jó pọ̀ ní etí. Bí wọ́n bá gé etí yìí, páànù méjèèjì yóò yà, omi àti ẹrẹ̀ yóò sì máa wọ àárín wọn. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ tún jó wọn pọ̀ lẹ́yìn gígé. Irin tó gbé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti èyí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ọkọ̀ kì í ṣe páànù lásán. Àwọn ló ń dáàbò bo èrò nígbà tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, a kò sì gbọ́dọ̀ gé wọn.

Iṣẹ́ náà sábà máa ń tẹ̀ lé ìlànà yìí:

1. Wọ́n á tú ike abẹ́ fẹ́ńdà, iná ẹ̀gbẹ́ àti wáyà tó bá wà nítòsí, wọ́n á sì yọ okùn bátìrì. Iná ìjórin lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́ bí bátìrì bá wà nídìí rẹ̀.

2. Wọ́n á lẹ tépù mọ́ páànù, wọ́n á sì fa ìlà gígé sórí rẹ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì láti ojú kan náà, kí ojú fẹ́ńdà méjèèjì lè dọ́gba.

3. Wọ́n á kọ́kọ́ gé díẹ̀ nínú ìlà náà, wọ́n á sì dá táyà padà láti tún un wò. Ó rọrùn láti gé irin kún èyí tí a ti gé, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti lẹ irin padà.

4. Ní fẹ́ńdà ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń la etí páànù sí wẹ́wẹ́ bí eyín ìyarun, wọ́n á fi òòlù tẹ eyín kọ̀ọ̀kan sínú, wọ́n á sì jó wọn mọ́ páànù inú. Ọ̀nà yìí ń fún táyà láàyè láìṣí páànù méjèèjì sílẹ̀.

5. Kí wọ́n tó jó irin nítòsí táǹkì epo, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ohun tó lè gbiná kúrò, kí ẹ̀rọ ìpaná sì wà nítòsí.

6. Wọ́n á fi fáìlì yọ ẹnu mímú irin, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, wọ́n á dí gbogbo ojú ìjórin, wọ́n á sì kun àwọ̀ ọkọ̀ lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, òun sì ni ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń fi ìyà rẹ̀ jẹni jù. Ní ẹnu tí wọ́n ti gé, kò sí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ mọ́. Bí ẹrẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà òjò, yóò dípẹtà. Láti inú ni ìpẹtà náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀dà bá sì wú níta, páànù ti jẹ tán nínú.

Etí fẹ́ńdà

Lẹ́yìn gígé, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ pé táyà yọ síta ju páànù lọ. Wọ́n máa ń fi etí gbòòrò, tí wọ́n fi rọ́bà, ike, fáíbà tàbí páànù ṣe, bo ojú fẹ́ńdà. Ẹ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ni etí yìí. Táyà tó yọ síta ń ju òkúta lu ọkọ̀ àti àwọn ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì ń fọ́n ẹrẹ̀ bo gíláàsì iwájú wọn. Etí náà gbọ́dọ̀ bo gbogbo ìbú ojú táyà tó ń kan ilẹ̀.

Ipa tí táyà ńlá ń ní lórí ọkọ̀

Aago eré ọkọ̀ ń ka iye ìgbà tí táyà yí, kò mọ̀ pé táyà ti tóbi sí i. Bí 285/70R17 bá rọ́pò 265/65R17, nígbà tí aago bá ń fi kìlómítà 100 hàn ní wákàtí kan, ọkọ̀ náà ń sá nǹkan bí 107. Awakọ̀ tó rò pé òun kò sáré jù lè ti kọjá òfin.

Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fi ti ilẹ̀ yóò dín kù ní ìwọ̀n kan náà, ti bíréèkì náà yóò sì dín kù. Nítorí pé táyà ńlá wúwo, ọkọ̀ yóò gba ibi tó jìn sí i kó tó dúró, pàápàá bó bá ru ẹrù tàbí èrò. Epo tí ọkọ̀ ń mu yóò pọ̀ sí i, bíárìn àti oríkèé sítíárìn yóò sì tètè gbó. Táyà àfipamọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù kò yẹ lára ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́, nítorí pé ó lè ba eyín gíà jẹ́. Ẹni tó bá ra táyà mẹ́rin gbọ́dọ̀ ra ìkarùn-ún, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń so ó mọ́.

Òfin àti ààbò

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rí sí i pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Ó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó fẹ́ gé fẹ́ńdà bèèrè lọ́wọ́ wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìkọ́ àti ìlò ọkọ̀ ti 1986 pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ní fẹ́ńdà tàbí ohun tó jọ ọ́ tí yóò máa dí ẹrẹ̀ àti omi tí táyà ń fọ́n.

Lẹ́yìn tí Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà ní 2008, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tó wà lọ́jà Nàìjíríà ti ń wá. Ìjọba fòfin de kíkó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ táyà tòkunbọ̀ ṣì wà lọ́jà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT ni ọjọ́ orí táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà ńlá tó ti gbó kò sàn ju táyà kékeré tuntun lọ, bó ti wù kí fẹ́ńdà fún un láàyè tó.

Ohun tí wọ́n lè ṣe dípò gígé

Dídín afẹ́fẹ́ táyà kù nínú ẹrẹ̀ tàbí yanrìn ń jẹ́ kí táyà tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì di ilẹ̀ mú. Kò náni ju ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dá afẹ́fẹ́ náà padà kí ọkọ̀ tó padà sórí ọ̀dà, nítorí pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́. Táyà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ jìn fún ẹrẹ̀, tún lè tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko. Fún ẹni tó ń lọ láti Ìfọ́n sí oko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó sì ń fi ọkọ̀ náà gbé ẹbí lọ sí Òṣogbo ní ọjọ́ yòókù, ọ̀nà méjèèjì yìí lè fún un ní ohun tó ń wá láìdín agbára bíréèkì rẹ̀ kù. Ọkọ̀ tó ń bá ẹrẹ̀ jìn àti òkúta jà lójoojúmọ́ ni gígé fẹ́ńdà yẹ jù lọ, bí wọ́n bá ti wọn gbogbo rẹ̀, tí áàsù àti bíréèkì rẹ̀ sì lágbára tó láti gbé táyà náà.